Bí A Ṣe Ń Ṣètò Omi àti Iná ní Ilé Tí Wáyà àti Páìpù Gbogbogbò Kò Dé

Ẹni tó bá ń gbé nínú ilé tí wáyà iná gbogbogbò kò dé, tí páìpù omi gbogbogbò kò sì dé, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi máa pèsè ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń rí lò bí wọ́n bá ṣáà ti tẹ bọ́tìnì tàbí tí wọ́n yí ẹnu ẹ̀rọ omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ìgbé ayé yìí ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ ra nǹkan: wọ́n á ra táǹkì, wọ́n á ra pánẹ́lì sólà, wọ́n á ra bátìrì, wọn kò sì tíì mọ iye omi tí ilé wọn ń lò láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, omi tó wà nínú táǹkì tí mo rà sì tán kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé wíwọ̀n ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, àti pé ohun tí a kò bá tíì wọ̀n, kò yẹ kí a náwó lé e lórí. Omi ni mo fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilé lè wà nínú òkùnkùn fún oṣù kan kó má bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ọjọ́ mẹ́ta láìsí omi.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ wọn omi tí ilé ń lò

Ẹ mú bákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ẹ mọ iye lítà tó ń gbà, kí gbogbo omi tí ẹ ó lò fún ọjọ́ méje sì gba inú rẹ̀ kọjá, ìbáà ṣe omi mímu, omi ìdáná, omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ tàbí omi tí àwọn ẹran ọ̀sìn ń mu. Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ara ògiri, kí ẹnikẹ́ni tó bá bu omi fa ìlà kan sí i lójú ẹsẹ̀, nítorí pé iye tí a bá jókòó rò ní alẹ́ kì í sábà bá òótọ́ mu. Bí ọjọ́ méje bá pé, ẹ ka àwọn ìlà náà, ẹ sọ wọ́n di lítà, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà méje.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lítà 50 sí 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ ló lè kájú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ènìyàn nílò omi fún. Ṣùgbọ́n ilé tó ń ṣọ́ omi lò, tí ilé ìgbẹ́ rẹ̀ kò sì gba omi rárá, lè fi 40 gbé e. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ẹni mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ: lítà 40 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 160 lóòjọ́. Bí ọ̀dá tó gùn jù lọ níbi tí ẹ wà bá máa ń tó ọjọ́ 60, lítà 9,600 ni ilé náà gbọ́dọ̀ ti kó pamọ́ kí òjò tó dáwọ́ dúró. Iye yìí ni kí ẹ gbé lọ bá ẹni tó ń ta táǹkì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gba omi òjò láti orí òrùlé

Ìṣirò òrùlé rọrùn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n sórí: bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ibi tó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú, lítà omi kan gééré ni yóò jẹ́. Ilẹ̀ tí òrùlé bò ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ara òrùlé tó dagun. Ilé tó gùn ní mítà 8, tó sì fẹ̀ ní mítà 6, yóò fún yín ní 48. Ṣùgbọ́n díẹ̀ á ta dànù, díẹ̀ á gbẹ sórí páànù, nítorí náà ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò, kí ẹ sì ka òjò mìlímítà kan sí nǹkan bíi lítà 38. Kí táǹkì olítà 9,600 tó wà lókè yìí tó kún, òjò tó rọ̀ gbọ́dọ̀ tó mìlímítà 250, bí ẹ kò bá bu nínú rẹ̀ nígbà tó ń kún. Bí òjò àdúgbò yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, òrùlé ni kí ẹ fẹ̀ sí i, nítorí pé táǹkì ńlá lábẹ́ òrùlé kékeré kò ní kún láé.

Òrùlé páànù dára fún iṣẹ́ yìí. Òrùlé koríko máa ń pa omi láwọ̀ dà, ó sì máa ń kó ìdọ̀tí wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe gba omi mímu láti orí òrùlé tí wọ́n fi ọ̀dà olójé kùn. Bí ẹ bá ń kan gọ́tà mọ́ etí òrùlé, ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ síbi páìpù, kí omi má bàa dúró sójú kan, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn irin tó gbé e dúró jìnnà síra ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, nítorí pé gọ́tà tó kún fún omi wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ.

Omi tó kọ́kọ́ ṣàn nínú òjò kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ wọ táǹkì. Òun ló ń fọ ìgbẹ́ ẹyẹ, eruku àti ewé jíjẹrà kúrò lórí òrùlé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìdọ̀tí wà. Mo máa ń da lítà kan nù fún mítà kan ní gígùn àti ìbú, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi lítà 48 fún òrùlé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ fi oríta páìpù sí ojú ọ̀nà omi kí ó tó dé táǹkì, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ oríta náà wọ inú kẹ́ẹ̀gì ńlá kan tó ń gba lítà 50, tí ẹ ti dé pa yí páìpù náà ká kí atẹ́gùn nìkan lè jáde. Bọ́ọ̀lù kékeré kan tó lè léfòó ni kí ẹ fi sínú ẹsẹ̀ páìpù náà, níbi tí ẹ ti fi òrùka kan dín ẹnu rẹ̀ kù. Bí kẹ́ẹ̀gì bá kún, bọ́ọ̀lù á gòkè wá dí ẹnu, omi mímọ́ tó tẹ̀ lé e á sì kọjá lọ sínú táǹkì. Ẹ lè fi páìpù gbọọrọ rọ́pò kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 100 kò gbà ju nǹkan bíi lítà 8 lọ fún mítà kọ̀ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ ó nílò mítà mẹ́fà.

Ẹ lu ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì náà kí omi ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè máa kán jáde díẹ̀díẹ̀ kí òjò mìíràn tó rọ̀. Ihò tí mo lu sí tèmi lákọ̀ọ́kọ́ kéré jù. Yanrìn dí i, èmi kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kẹ́ẹ̀gì náà kún sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí òjò sì tún rọ̀, bọ́ọ̀lù ti wà lókè tẹ́lẹ̀, gbogbo ìdọ̀tí orí òrùlé wọ inú táǹkì tààrà. Ọjọ́ méjì gbáko la fi fọ táǹkì yẹn. Ihò tó tó mìlímítà mẹ́ta kì í tètè dí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fi omi díẹ̀ ṣòfò nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Ní ti táǹkì fúnra rẹ̀, ẹ rántí pé lítà omi kan wúwo tó kílò kan, nítorí náà táǹkì olítà 10,000 tó kún jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Kì í ṣe orí pákó ni a ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé. Orí kọnkéré tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti kì mọ́lẹ̀ dáadáa ni. Ẹ yan táǹkì tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá, kí ohun àwọ̀ ewé tó máa ń hù nínú omi má bàa rí oòrùn fi dàgbà. Ẹ fi ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde sí sẹ̀ǹtímítà 10 sókè ìsàlẹ̀ táǹkì, kí ẹrọ̀fọ̀ tó bá silẹ̀ má bàa bá omi jáde. Páìpù tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó èyí tí omi ń gbà wọlé. Gbogbo ẹnu tó ṣí sílẹ̀, títí kan ti àkúnwọ́sílẹ̀ yìí, ni kí ẹ fi àwọ̀n wíwẹ́ bò, nítorí pé níbi tí ooru bá wà, ẹyin ẹ̀fọn lè di tanwíjí, kó sì di ẹ̀fọn tó ń fò, láàárín ọjọ́ 7 sí 10.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ sọ omi di mímu

Omi tó mọ́ lójú lè ní kòkòrò àìfojúrí nínú. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ká kọ́kọ́ sẹ́ ẹ pẹ̀lú yanrìn, ká sì tún fi oòrùn, iná tàbí bílíìṣì parí rẹ̀. Asẹ́ yanrìn tó bá ilé mu, David Manz ti Yunifásítì Calgary ní Kánádà ló gbé e jáde ní àwọn ọdún 1990, ó sì dùn mọ́ mi nítorí pé kò gba iná, kò sì ní ohun tí à ń pààrọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wá ohun èlò tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90, ìbáà ṣe ti kọnkéré tàbí ike líle. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tó tóbi ní mìlímítà 6 sí 12 tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ tẹ́ òkúta tó kéré sí mìlímítà 6 lé e ní sẹ̀ǹtímítà 5, lẹ́yìn náà ẹ da yanrìn tí kò tóbi ju mìlímítà 0.7 lọ sí i títí yóò fi ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 55. Ẹ ti fọ gbogbo wọn kí ẹ tó dà wọ́n sínú, omi ni kí ẹ sì kọ́kọ́ bù sínú ohun èlò kí yanrìn tó wọ̀ ọ́, kí atẹ́gùn má bàa há sí àárín. Páìpù tó ń gbé omi jáde bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ̀ sì wà ní ibi tó ga ju ojú yanrìn lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ìwọ̀n yìí ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà: òun ni yóò jẹ́ kí omi sẹ̀ǹtímítà 5 máa bo yanrìn nígbà gbogbo tí a kò bá da omi sí i. Bí omi tó bò ó bá jìn jù, afẹ́fẹ́ kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn ohun alààyè kéékèèké tó ń gbé lójú yanrìn, tí wọ́n ń jẹ kòkòrò àrùn. Bí kò bá sì tó, yanrìn á gbẹ, wọ́n á kú.

Ó lè tó ọjọ́ 30 kí àwọn ohun alààyè náà tó fìdí múlẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, ẹ máa da omi sí asẹ́ náà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán ohun tó ń tú jáde láìṣe nǹkan mìíràn sí i. Lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá da omi kan, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó ju wákàtí 48 lọ kí ẹ tó tún da òmíràn. Ẹ má ṣe da omi tó ní bílíìṣì sínú rẹ̀ láé. Nígbà tí omi bá ń lọ́ra jáde jù, ẹ fi ọwọ́ mímọ́ ro ojú yanrìn nìkan díẹ̀díẹ̀, kí ẹ bu omi dúdú tó rú sókè dànù, iṣẹ́ sì parí.

Asẹ́ yìí kì í mú gbogbo fáírọ́ọ̀sì, ìdí nìyí tí a fi ń parí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo iná, ẹ jẹ́ kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Níbi tó ga ju mítà 2,000 lọ sókè òkun, ẹ jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ lo oòrùn, ẹ rọ omi tó mọ́ kedere sínú ìgò oníke tí a lè rí inú rẹ̀ kedere láti ìta, tí kò gbà ju lítà méjì lọ, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́fà, tàbí ọjọ́ méjì bí ìkùukùu bá bo ju ìdajì ojú ọ̀run lọ. Ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́. Bí bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún, bá wà nílé, ẹ̀kán méjì fún lítà kan ti tó, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣírò iná kí ẹ tó ra sólà

Ohun tí a ṣe sí omi náà la ó ṣe sí iná. Ẹ kọ gbogbo ohun tí yóò lo iná, iye wáàtì rẹ̀, àti iye wákàtí tí yóò fi ṣiṣẹ́ lóòjọ́, kí ẹ sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn. Wáàtì-wákàtí ni à ń pe iye tó bá jáde. Gílóòbù márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 5 fún wákàtí márùn-ún jẹ́ wáàtì-wákàtí 125. Fóònù méjì, nǹkan bíi 30. Rédíò oníwáàtì 5 fún wákàtí mẹ́fà, 30. Fáànù oníwáàtì 20 fún wákàtí mẹ́jọ, 160. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 345. Wáyà àti bátìrì máa ń pàdánù díẹ̀, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di 450.

Ẹ wá pín 450 yìí fún iye wákàtí tí oòrùn fi ń mú ganrínganrín ní oṣù tí oòrùn kéré jù lọ láàárín ọdún. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, wáàtì 113 ló kù díẹ̀ kí ó jẹ́, ṣùgbọ́n 150 ni èmi yóò rà, nítorí eruku àti ìkùukùu. Ní ti bátìrì, bí ẹ bá fẹ́ kó gbé ilé fún ọjọ́ méjì tí oòrùn kò yọ, 900 ni ẹ nílò. Bátìrì olójé kò yẹ kí a lò kọjá ìdajì, nítorí náà ẹ ó ra èyí tó jẹ́ 1,800, tí í ṣe 150Ah ní fóòtì (volt) 12; Ah ni ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sí ara bátìrì, bí ẹ bá sì sọ ọ́ di ìlọ́po fóòtì, wáàtì-wákàtí ni yóò jẹ́. Bátìrì lithium irú ti LiFePO4 gba kí a lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà 100Ah ti tó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣáájì rẹ̀ nígbà tí òtútù bá mú kọjá ibi tí omi ti ń di yìnyín.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun ìgbóná kankan nínú ìṣirò yẹn. Kẹ́tùlù oníná oníwáàtì 2,000 tó bá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré jẹ nǹkan bíi 333, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo iná ọjọ́ kan. Igi, gáàsì tàbí oòrùn ni kí ẹ fi gbé omi kaná. Ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí à ń lò nínú ilé, náà máa ń jẹ iná fúnra rẹ̀ bí kò bá tilẹ̀ sí nǹkan tó so mọ́ ọn, nítorí náà gílóòbù àti fáànù tó ń lo fóòtì 12 láti inú bátìrì tààrà ló bá ilé kékeré mu jù.

Nígbà tí ẹ bá ń so ó pọ̀, ẹ kọ́kọ́ so bátìrì mọ́ kọntiróólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́lì sínú bátìrì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó so pánẹ́lì. Nígbà tí ẹ bá ń tú u, pánẹ́lì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ẹ fi fíúùsì, èyí tó máa ń já bí iná bá pọ̀ jù, sí ara wáyà tó jáde láti ẹnu bátìrì tó ní àmì +, kó sì súnmọ́ bátìrì náà pẹ́kípẹ́kí, nítorí pé bí wáyà méjì bá gbá ara wọn, bátìrì lè rọ iná tó tó láti jó ilé sínú wọn. Pánẹ́lì kọjú sí gúúsù fún ẹni tó wà ní apá àríwá ayé, ó sì kọjú sí àríwá fún ẹni tó wà ní apá gúúsù. Àní níbi tí oòrùn ti ń gba àárín orí kọjá, ẹ jẹ́ kó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Bátìrì olójé tí à ń bu omi sí máa ń tú gáàsì tó lè gbiná, nítorí náà kì í wọ yàrá tí ènìyàn ń sùn, ibi tó bá wà sì gbọ́dọ̀ ní ojú afẹ́fẹ́ lókè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ilé ìgbẹ́, omi ìdọ̀tí àti iná igi

Ilé ìgbẹ́ tí kò gba omi kò ní òórùn bí a bá ń bò ó dáadáa. Lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, ẹ da ìyẹ̀fun pákó tí ayùn já sílẹ̀, tàbí ewé gbígbẹ rírún, bo ojú rẹ̀ títí a kò fi ní rí ohunkóhun. Bí garawa bá kún, ẹ kó o lọ síbi tó jìnnà sí kànga ní mítà 30 ó kéré tán, kí ẹ jẹ́ kó jẹrà níbẹ̀ fún ju ọdún kan lọ láìfi tuntun kún un, níbi tí òtútù bá sì wà, kó tó ọdún méjì. Ìdí igi ni ajílẹ̀ yìí ń lọ.

Omi tí a fi wẹ̀ tàbí tí a fi fọ aṣọ kò yẹ kó sùn mọ́jú nínú àgbá, nítorí pé láàárín wákàtí 24 ó ti ń rà. Ẹ la kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdí àwọn igi, kí ẹ kó èèpo igi kún un, kí omi náà sì máa ṣàn síbẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kò ti lè fọwọ́ kàn án.

Ní ti igi ìdáná, ẹ là á kí ẹ tó tò ó, kí ẹ sì fún un ní oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lábẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Igi tútù ń fi ooru rẹ̀ lé omi inú ara rẹ̀ lọ kí ó tó ran ìkòkò lọ́wọ́, èéfín rẹ̀ ló sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹ bá lu igi méjì mọ́ra, tí wọ́n dún gán-án-gán, wọ́n ti gbẹ. Mo fi tọkàntọkàn bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gbé èédú tó ń jó wọ inú yàrá tí a ti pa fèrèsé rẹ̀ dé, bó ti wù kí òtútù mú tó, nítorí pé èéfín tí a kò lè rí, tí kò sì ní òórùn, lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àyẹ̀wò àárọ̀

Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó tan nǹkan kan, ẹ wo fóòtì bátìrì: bátìrì olójé tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń wà ní nǹkan bíi 12.7, tó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé 12.1, ó ti dé ìdajì, kí gbogbo ilé dín iná kù títí oòrùn yóò fi mú. Ẹ wo ibi tí omi dé nínú táǹkì, kí ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé kan náà pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ da omi sí asẹ́ yanrìn, kí ẹ sì tẹ́ àwọn ìgò sórí páànù. Bí eruku bá wà lára pánẹ́lì, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún nígbà tí ó ṣì tutù, nítorí pé omi tútù lórí gíláàsì tí oòrùn ti mú gbóná lè là á.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí bátìrì tí à ń bu omi sí nígbà tó bá ti kún fún iná, kí ẹ fi omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì (distilled water) nìkan kún un, tí ẹ bá ti wọ ìbọ̀wọ́, tí ẹ sì ti fi nǹkan bo ojú. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ní ìgbà tí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú táǹkì, ẹ gbá gọ́tà mọ́, ẹ fọ ìsàlẹ̀ táǹkì, ẹ fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò kẹ́ẹ̀gì kí ó má bàa dí, kí ẹ sì fa àwọn àwọ̀n wò bóyá èkúté ti já wọn. Òjò méjì àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá gígùn, ẹ yí páìpù kúrò ní ẹnu táǹkì, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo omi rẹ̀ lọ sí ìdí igi.